Oríṣìíríṣìí Yàrá Ìwádìí ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìṣègùn Ìbàdàn: Iṣẹ́ Wọn àti Ojúṣe Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé lórí oríṣìíríṣìí yàrá ìwádìí tí ó rọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn. Ó pín wọn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn, ó sì fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe gbe àlàyé náà lẹ́sẹ̀. Ohun tí ó hàn ni pé orúkọ ìlú àti àdúgbò Yorùbá ti wọ inú àkọsílẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn àgbáyé, ṣùgbọ́n àlàyé ìmọ̀ náà kò tíì pọ̀ tó ní èdè Yorùbá. Àpilẹ̀kọ náà dábàá iṣẹ́ tí olùkọ́ èdè Yorùbá lè ṣe láti dí àlàfo yìí.

1.0 Ìfáárà

Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá, ìbéèrè tí ó sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde, ni pé: níbo ni wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òpè. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí Yorùbá fi ń ṣeré. Ènìyàn tí ó bá rí i tí wọ́n fi ìgò kékeré gbé ẹ̀jẹ̀ òun gba ẹnu ọ̀nà kan lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé fún un, kò jẹ̀bi bí ara bá fu ú.

Ìdáhùn ìbéèrè náà ni pé ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo lè dé yàrá bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí olúkúlùkù sì bi í ní ìbéèrè tirẹ̀. Yàrá kan ń ka sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Òmíràn ń wọn iyọ̀ àti ṣúgà tí ó wà nínú rẹ̀. Òmíràn ń wá kòkòrò àrùn tí ó fara pamọ́ síbẹ̀. Òmíràn sì ń ka ohun tí ènìyàn jogún lọ́dọ̀ baba àti ìyá rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwádìí àrùn rí.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti la àwọn ọ̀nà náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn Ìbàdàn ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó pẹ́ jù nínú irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àti nítorí pé àárín àwọn Yorùbá ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

2.0 Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ náà ní Ṣókí

Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ àbójútó Yunifásítì London, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ níbẹ̀. Nígbà náà, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fojú rí aláìsàn. Òfin tí ó dá ilé ìwòsàn yunifásítì náà sílẹ̀ jáde ní 1952, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn náà, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí UCH, ní ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 1957. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962.

Ìwòsàn, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n gbé lé ilé ìwòsàn náà lọ́wọ́, kò sì sí èyí tí ó lè dá dúró láìsí ìkejì. Dókítà tí ó ń wo aláìsàn ní wọ́ọ̀dù ni ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ni ó sì ń gbé ìbéèrè tí wọ́ọ̀dù kò lè dáhùn lọ sí yàrá ìwádìí.

3.0 Ìyàtọ̀ láàrin Yàrá Àyẹ̀wò àti Yàrá Ìwádìí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe méjèèjì ní láàbù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Yàrá àyẹ̀wò ń dáhùn ìbéèrè aláìsàn kan: ṣé ibà ni ó ń ṣe ọmọ yìí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí tó? Lónìí ni wọ́n ń retí èsì rẹ̀, ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ náà ni yóò sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Yàrá ìwádìí ní tirẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀: kí ni ó dé tí ibà fi ń pa ọmọ kan tí kò pa èkejì? Èsì rẹ̀ lè gba ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lè má jẹ nínú àǹfààní rẹ̀ rárá. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé inú ilé kan náà ni yàrá méjèèjì sábà máa ń wà, òṣìṣẹ́ kan náà sì lè ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ìsọ̀rí kẹfà yóò padà sórí ọ̀rọ̀ náà.

4.0 Ìsọ̀rí Àwọn Yàrá Ìwádìí

4.1 Àwọn Yàrá Ìpìlẹ̀

Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni àwọn yàrá tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ara tí ó pé. Àwọn onímọ̀ ìtò ara ń wo bí eegun, iṣan àti ẹ̀yà inú ara ṣe tò. Wọ́n ń gé ẹran ara pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n ń kùn ún láró, wọ́n sì ń fi máíkírósíkóòpù, awò tí ó ń sọ ohun kíkínní di ńlá, wò ó. Àwọn onímọ̀ ìṣiṣẹ́ ara ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ìtọ̀ àti bí iṣan ṣe ń fà. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ara ń wo bí oúnjẹ ṣe ń di agbára. Ẹni tí kò bá mọ bí ara ṣe rí nígbà tí ó pé, kò lè mọ ohun tí ó yẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tí àìsàn bá dé.

4.2 Yàrá Ìwádìí Ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè tí ó gba yàrá yìí kan ní Ìbàdàn láàrin 1960 sí 1970 ni ti ibà àti àbùdá ẹ̀jẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní G6PD, tí ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì náà. Àwọn ènìyàn kan wà tí èròjà yìí kò pọ̀ tó lára wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n sì pọ̀ ní ilẹ̀ tí ibà wà. Kí ló dé?

Ní 1969, Lucio Luzzatto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Usanga àti Reddy, tẹ ìdáhùn kan jáde. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jogún àbùdá náà láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì ni ó jọ ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà: èyí tí èròjà náà pé nínú rẹ̀ àti èyí tí kò pé nínú rẹ̀. Nígbà tí ibà mú àwọn ọmọ náà, àwọn onímọ̀ ka iye kòkòrò ibà tí ó wà nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé iye sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò wọ̀ láàrin èyí tí èròjà náà pé nínú wọn jẹ́ ìlọ́po 2 sí 80 ti èyí tí kò pé. Ohun tí ó jọ àbùkù, ààbò ni lójú ibà.

Àbùkù náà kò ṣàì ní ewu tirẹ̀. Káńfọ̀ tí àwọn ìyá ń kó sáàrin aṣọ ọmọ tuntun lè mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́, kí ojú àti ara rẹ̀ sì pọ́n. Bí ara pípọ́n náà bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ìmọ̀ tí ó ti yàrá ìwádìí jáde, tí ó sì yẹ kí ó dé etí ìyá ìkókó gbogbo, ni èyí. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà wà lára ohun tí yàrá yìí ń mójú tó.

4.3 Yàrá Ìwádìí Kòkòrò Àrùn

Nínú yàrá yìí ni wọ́n ti ń sin bakitéríà nínú àwo kéékèèké, bí ẹni ń sin ohun ọ̀gbìn, láti mọ irú èyí tí ó ń ṣe aláìsàn àti oògùn tí yóò ká a. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wá aràn inú àti kòkòrò ibà. Ní 1976, Trager àti Jensen ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n tí wọ́n lè fi mú kí kòkòrò akọ ibà máa gbé, kí ó sì máa bí sí i, nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú àwo, láìsí nínú ara ènìyàn. Ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí àwọn yàrá ìwádìí ibà, títí kan ti Ìbàdàn, lè dán oògùn wò lára kòkòrò náà láìfi ẹnikẹ́ni wewu.

4.4 Yàrá Ìwádìí Fáírọ́ọ̀sì

Fáírọ́ọ̀sì kéré ju bakitéríà lọ débi pé máíkírósíkóòpù lásán kò lè fi í hàn. Kí àwọn onímọ̀ tó ní ẹ̀rọ òde òní, ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni wọ́n máa ń gún ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tàbí ti ẹranko. Bí ọmọ eku náà bá ṣàìsàn, wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Iṣẹ́ tí ó léwu ni. Kí wọ́n tó dá yunifásítì sílẹ̀ rárá, Adrian Stokes, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó wá ṣe ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní ilẹ̀ wọ̀nyí, kú nípa àrùn náà gan-an ní Èkó ní 1927. Láti ara ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni ọ̀nà ti là dé ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Max Theiler fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951.

Lẹ́yìn 1960, àjọ Rockefeller ran Ìbàdàn lọ́wọ́ láti ní yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì, Ottis Causey sì wà lára àwọn tí ó ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì lọ sára ẹ̀fọn, eégbọn, àdán, eku àti ènìyàn. Ní 1964, wọ́n rí ọ̀kan lára eégbọn màlúù, wọ́n sì sọ ọ́ ní fáírọ́ọ̀sì Dugbe, ní orúkọ Dùgbẹ̀. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín, wọ́n sì sọ ọ́ ní fáírọ́ọ̀sì Mokola, ní orúkọ Mọ́kọ́lá. Fáírọ́ọ̀sì Igbo Ora gba orúkọ láti Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, Ilesha láti Ìlẹ́ṣà, Ife láti Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé àkójọ orúkọ fáírọ́ọ̀sì àgbáyé yóò rò pé ìwé àwòrán-ilẹ̀ Yorùbá ni òun ń kà.

Ti Mọ́kọ́lá yẹ fún àlàyé díẹ̀ sí i. Ìbátan fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa àrùn dìgbòlugi ni, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò dáàbò boni tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní wọn kò wá ìyàtọ̀ náà ní yàrá ìwádìí ni, ìkan náà ni wọn ì bá máa pe méjèèjì. Láti 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n yé fi orúkọ ìlú sọ àrùn tuntun, kí àbùkù má baà kan àwọn ará ìlú náà. Àwọn orúkọ àtijọ́ ṣì wà síbẹ̀.

Àǹfààní irú yàrá bẹ́ẹ̀ hàn gbangba ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé Ebola wọ Èkó. Yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà wà lára àwọn tí ó tètè fi àrùn náà hàn. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 nínú wọn sì kú. Nígbà tí ó di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Nínú ìlú tí èrò pọ̀ tó Èkó, bí wọ́n bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó mọ ohun tí ó jẹ́, ìtàn náà ì bá yàtọ̀.

4.5 Yàrá Ìwádìí Àrùn Inú Ẹran Ara

Àwọn onímọ̀ yàrá yìí ń wo ẹran ara tí oníṣẹ́ abẹ gé, láti mọ̀ bóyá kókó lásán ni tàbí jẹjẹrẹ. Ẹ̀ka yìí ni ó dá ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ Ìbàdàn sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ irú jẹjẹrẹ tí ó ń mú àwọn ará ìlú sílẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni ó jọ lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí jẹjẹrẹ kan ṣe ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù láti ìran dé ìran.

Àpẹẹrẹ kan ni kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé, tí Denis Burkitt kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Uganda ní 1958, tí ó sì pọ̀ ní Ìbàdàn náà. Victor Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Cameroon tí ó ṣe olùkọ́ iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó fi hàn pé oògùn lè tú kókó náà ká. Nítorí iṣẹ́ yìí ni òun àti àwọn mìíràn ṣe gba ẹ̀bùn Lasker ní 1972.

4.6 Ìwádìí Oúnjẹ àti Ọpọlọ

Àìsàn kan wà tí ẹsẹ̀ yóò máa kú tipiri, tí ìrìn kò ní gún mọ́, tí ojú àti etí yóò sì máa dùn ún ṣe. Benjamin Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ti gbilẹ̀. Yàrá ìwádìí fi hàn pé èròjà tí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ń dà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi hàn pé àrùn náà ṣì wà, ó sì gbé ìbéèrè dìde bóyá sáyánáìdì nìkan ni ó ń fà á. Bí ìmọ̀ ṣe ń rìn nìyẹn: èsì tòní a máa di ìbéèrè tọ̀la. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé rírẹ, bíba, fífún àti yíyan tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe fún gààrí ń dín májèlé náà kù.

Ní 1992, Ìbàdàn àti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìṣarán ọjọ́ ogbó. Wọ́n fi àwọn àgbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tí ó jáde ní 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti Ìbàdàn ni àrùn Alzheimer ń mú, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ ìdá 2.52. Ìran kan náà ni wọ́n ní Áfíríkà láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ibùgbé, oúnjẹ àti ìgbé-ayé wọn ti yàtọ̀.

4.7 Yàrá Ìwádìí Oògùn

Àwọn onímọ̀ oògùn ń wo ohun tí oògùn ń ṣe sí ara àti ohun tí ara ń ṣe sí oògùn. Kò sí àgbàlagbà kan tí ó lo klorokúìnì láyé àtijọ́ tí kò mọ̀ pé ó máa ń yún ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn kò fi yíyún náà ṣe àwàdà. Wọ́n wádìí rẹ̀, nítorí pé aláìsàn tí ara ń yún kì í lo oògùn náà tán, oògùn tí wọn kò bá sì lò tán ń fún kòkòrò ní àyè láti gbó. Nígbà tí kòkòrò ibà ti gbó sí klorokúìnì tán, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà yí ìlànà rẹ̀ padà ní 2005 sí àpapọ̀ oògùn tí atẹmísínínì wà nínú rẹ̀.

4.8 Yàrá Ìwádìí Àbùdá Àjogúnbá

Ní 2002, àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, láti mọ ibi tí àbùdá ènìyàn ti bára mu àti ibi tí ó ti yàtọ̀. Ènìyàn 270 ni ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un: 90 jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn, 90 láti ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, 45 láti Tokyo àti 45 láti Beijing. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ti Ìbàdàn, ìdílé 30. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á, wọ́n sì fẹnu kò pé orúkọ tí wọn yóò máa lò ni “Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà”, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé gbogbo Yorùbá, tàbí gbogbo Áfíríkà, ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní 2008, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ìgbàlódé ka gbogbo àbùdá rẹ̀ tán. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Nọ́ńbà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni wọ́n ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì náà sí, tí ó sì ń pọ̀ sí i títí di òní.

5.0 Ohun tí ó So Àwọn Yàrá náà Pọ̀

Kò sí yàrá tí ó lè dá nǹkan ṣe. Onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ nílò onímọ̀ kòkòrò kí ó tó lè sọ ohun tí ibà ń ṣe. Onímọ̀ ọpọlọ nílò onímọ̀ kẹ́míkà ara kí ó tó lè wọn májèlé ẹ̀gẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà.

Gbogbo wọn ni wọ́n sì jọ gbára lé òtútù. Ẹ̀jẹ̀ àti fáírọ́ọ̀sì tí wọn yóò tọ́jú fún ọdún pípẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú fíríísà tí ó tutù tó ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè bàjẹ́ ní òru ọjọ́ kan. Ẹ̀fọn àti asín ọdún náà kò ṣeé lọ padà mú. Aláìsàn ọdún náà lè ti kú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná fi kúrò ní ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

6.0 Èdè Yorùbá àti Ìyọ̀ǹda

Ìlànà orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí ìwà tí ó tọ́ nínú ìwádìí ìlera, tí ó jáde ní 2007, béèrè pé kí ìgbìmọ̀ kan yẹ ìwádìí wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí wọn yóò lò fún un sì yọ̀ǹda ara rẹ̀ lẹ́yìn tí àlàyé ti yé e. Lórí ọ̀rọ̀ yíyé yìí ni èdè ti wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó tó fún àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni “àyẹ̀wò”. Yorùbá ń lo àyẹ̀wò fún ohun tí babaláwo ń ṣe àti fún ohun tí dókítà ń ṣe, nínú méjèèjì ni ẹni tí ó wá sì ti ń retí pé kí wọ́n sọ ohun tí ó ń ṣe òun kí wọ́n sì fún òun ní ìwòsàn. Bí olùwádìí bá wá sọ fún aláìsàn pé, “Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò,” ìtọ́jú ni aláìsàn gbọ́. Bí ó bá yọ̀ǹda, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ó yọ̀ǹda fún. Gbólóhùn tí ó tọ́ yóò gùn díẹ̀: “Ẹ̀jẹ̀ yìí kì í ṣe fún ìtọ́jú yín lónìí; ẹ̀kọ́ nípa àrùn náà ni a fẹ́ fi kọ́. Ẹ lè kọ̀. Bí ẹ bá kọ̀, ìtọ́jú yín kò ní yẹ̀.”

Èkejì ni “kòkòrò”. Èèrà ni kòkòrò, bakitéríà ni kòkòrò, fáírọ́ọ̀sì náà ni kòkòrò. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé kòkòrò ni ó fa ọ̀fìnkìn yóò lọ ra oògùn tí ń pa bakitéríà, oògùn náà kò sì ní ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Owó rẹ̀ yóò gbé, bakitéríà inú ara rẹ̀ yóò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún oògùn.

Ẹ̀kẹta ni “àbùdá”. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ ọ́n sí àbùdá ìró. Ará ilé mọ̀ ọ́n sí ìwà tí wọ́n dá mọ́ni. Bí wọ́n bá sọ fún ìyá kan pé àbùdá rẹ̀ ni ó fa jẹjẹrẹ ọyàn, ó lè gbọ́ ọ bí ẹ̀bi tàbí bí kádàrá tí kò gbóògùn, kí ó sì padà sílé. Àlàyé kò gbọ́dọ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ohun tí wọ́n jogún ni, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, àti pé bí wọ́n bá tètè mọ̀, ohun tí wọ́n lè ṣe sí i pọ̀.

7.0 Ojúṣe Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ti dókítà nìkan. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe gudugudu méje nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé. Ìmọ̀ ìṣègùn náà nílò irú rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti 1970 sì ti fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà.

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de owó ìjọba. Ó lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí yàrá ìwádìí kan, kí wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lẹ́nu wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní Yorùbá. Ó lè fi ìwé ìyọ̀ǹda ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ nínú kíláàsì: kí akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí òmíràn tí kò rí ti òyìnbó dá a padà sí òyìnbó, kí wọ́n sì wo ibi tí ìtumọ̀ ti sọnù. Ó sì lè máa kó ọ̀rọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ láàbù ti ń fi ojoojúmọ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ jọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ èdè-ìperí tí wọ́n ń wá kiri ti wà lẹ́nu àwọn wọ̀nyí.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti yàrá ìpìlẹ̀ dé yàrá àbùdá àjogúnbá. Ó fi hàn pé yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀, pé wọ́n nílò ara wọn, àti pé ẹ̀jẹ̀, ẹ̀fọn, asín àti ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ti fi kún ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń lò. Bí àwọn ará Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ àti Ìdíkàn bá ti fún ayé ní ohun tí ó tó báyìí, ó yẹ kí ìmọ̀ náà padà wá bá wọn nílé ní èdè tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí aláìsàn bá béèrè ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, kí ẹni tí ó gbé e lè dá a lóhùn ní Yorùbá tí ó yè kooro, kí aláìsàn náà sì lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ pẹ̀lú òye.